Ojú Ìyá Mi Lẹ́yìn Ẹ̀wù Wọn

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Scotland.
19 Oṣù Kìíní, 1992

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì. Mo ti kọ ti Bàbá lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan ni mo lè bá wọn sọ. Tiyín ni èyí.

Òtútù ibí kì í ṣe irú ọyẹ́ tiwa tó ń la ètè. Ó ń wọ inú egungun, á sì jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó jáde ní kíláàsì ọ̀sán. Láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti dé, mo ti mọ bàtà gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ilé yìí, nítorí ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n á kí mi ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, èmi náà á dá ẹyọ kan padà, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ará ilé. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á mọ́, tí á ṣú, tí ẹnì kan kò ní pe orúkọ mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti kan ilẹ̀kùn mi. Moira ni orúkọ rẹ̀, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ó wá tọrọ iyọ̀, mo fún un, mo sì po tíì kó má baà tètè lọ. Ó ń gun kẹ̀kẹ́, kì í ṣe irú Raleigh tí Bàbá fi ń lọ síbi iṣẹ́ o. Táyà tirẹ̀ nípọn, ó ní eyín bí eyín àgbàdo, orí òkè àti inú igbó ni wọ́n sì ń gùn ún sí. Mo sọ fún un pé èmi náà mọ kẹ̀kẹ́ gùn, pé ti Bàbá ni mo fi kọ́ ọ. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á mú mi dání.

Màmá, ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Ẹ̀yìn tí mo lọ ni ẹ bí àwọn ìbejì. Tí mo bá ń gbàdúrà fún wọn, ojú ọmọ ọlọ́mọ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò wọn ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá


Erúnmu,
23 Oṣù Kejì, 1992

Ọmọ́ṣọlá, Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á nídìí máṣíìnì, mo tún kà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Òtútù kò ní pa ọ́, àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ kò sì ní sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Tíì tí o pò fún ẹni tó wá tọrọ iyọ̀, o ṣe dáadáa.

Fọ́tò tí o tọrọ wà nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n kí o tó wò ó tán, ka ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn Kérésì, Kẹ́hìndé kọ ọmú. Ara rẹ̀ gbóná, ó rù títí egungun àyà rẹ̀ fi yọ síta. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Àwọn alàgbà gbààwẹ̀ lórí rẹ̀, bàbá rẹ wà lára wọn. Síbẹ̀ ó kàn ń tán lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ìyá mi wá láti Ìjàyè, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Gbọ́njúbọ́lá, o bí ìbejì, o kò gbé wọn jó dé ọjà. Kí lo fẹ́ kí inú wọn dùn sí?"

O mọ bàbá rẹ. O mọ ohun tí ìjọ wa ń sọ nípa ìyá tó bá gbé ìbejì jó kiri tó ń tọrọ: wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Èmi olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá yìí kan náà ti fi ẹnu mi bá àwọn mìíràn wí lórí rẹ̀. Mo purọ́ fún bàbá rẹ pé mò ń sin ìyá mi padà sí Ìjàyè. Ọjà Ṣáṣá la yà sí, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Mo pọn Táíwò, mo gbé Kẹ́hìndé sáyà, mo gbá igbá mú, mo sì jó láàárín àwọn aláta àti àwọn Hausa tó ń já tòmátò. Mo na igbá sí wọn, wọ́n ń sọ kọ́bọ̀ sí i, mo sì ń súre fún wọn. Jẹ́ kí èyí yé ọ: èmi kọ́ ni mo ń gbà, àwọn ló ń gbà. Obìnrin kan tó ń wá ọmọ fi owó tirẹ̀ kan ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé, ó sunkún, ó sì lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ayàwòrán tó ń rìn kiri ọjà ló ya fọ́tò yìí láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ló rà á, wọ́n ní ojú àwọn ọmọ hàn kedere. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé gba ọmú. Bóyá abẹ́rẹ́ ni, bóyá ààwẹ̀ ni, n kò bi Ọlọ́run.

Èyí tí wọ́n yà níjọ́ ìkómọ kò jáde, nítorí náà òun nìkan ló wà. Mo kọ orúkọ ìlú wa sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà sọnù lọ́nà. Wo àwọn àbúrò rẹ, kí o sì gbé e pamọ́. Má fi han ẹnikẹ́ni. Bí bàbá rẹ bá gbọ́, ilé yìí kò ní gbà mí mọ́ bó ṣe gbà mí tẹ́lẹ̀.

Ìyá rẹ.


Scotland.
29 Oṣù Kẹta, 1992

Màmá mi,

Ẹ kú ewu Kẹ́hìndé. Mo ka lẹ́tà yín. Ẹ kú ìrìn Ṣáṣá. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú mi, kò ní jáde.

Mo rí wọn, Màmá. Etí Bàbá ni Táíwò gbé wá sáyé. Kẹ́hìndé ń wo ayàwòrán náà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì máa ń kí yín ní àárọ̀ kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Moira rí i. Ẹ má bínú, inú yàrá mi ló ti rí i. Ó bi mí pé ṣé ìyá mi nìyí, kí ni wọ́n ń fi igbá ṣe? Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo kàn ní ẹ ń tọrọ owó nítorí àwọn ọmọ. Omi lé sí i lójú, ó sì dì mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ kàn mí. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ̀ pé ẹkún náà kò tọ́ sí òun.

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wọn ń múra ìrìn kan sílẹ̀. Wọn yóò gba àárín àwọn igbó ìjọba kọjá, níbi tí òfin ti dá ẹranko sí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn. Kálukú yóò ní kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ ṣèlérí owó lé ìrìn náà, bó bá ṣe gùn jìnnà tó ni owó yóò ṣe pọ̀ tó, ẹgbẹ́ aláàánú kan yóò sì gbé e lọ fún àwọn ọmọdé ní Áfíríkà. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọrọ owó fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Moira ti yá mi ní kẹ̀kẹ́. Ní Sátidé mo máa ń bá wọn lọ gun òkè. Wọ́n ti mọ orúkọ mi báyìí, Shola ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá


Erúnmu,
10 Oṣù Karùn-ún, 1992

Ọmọ́ṣọlá,

Ara wa le, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn alágbàdo ń rẹ́rìn-ín.

Yọ fọ́tò yẹn lára ògiri. Mo ní má fi han ẹnikẹ́ni. Àbí Moira kì í ṣe ènìyàn ni? Ẹni tó mọ ẹkún sun, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bàbá rẹ rí i nínú lẹ́tà tiwọn pé o ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó. Wọ́n ní ṣé nítorí ìyẹn làwọn ṣe ta ilẹ̀ Ọ̀nà-Àrà san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ mo rí wọn tí wọ́n ń nu Raleigh wọn, tí wọ́n ń súfèé. Má ṣubú. Má jìnnà sí àwọn tó mọ ọ̀nà.

Tí o bá rí abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó nípọn, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ ń ṣẹ́ bí ìgbálẹ̀.

Dá mi lóhùn: ṣé o ti yọ ọ́?

Ìyá rẹ.


Scotland.
14 Oṣù Kẹfà, 1992

Màmá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ wà nínú páálí kékeré tó tẹ̀lé èyí.

A ti gun kẹ̀kẹ́ náà. Olùṣọ́ igbó ṣí géètì fún wa láàárọ̀, a sì wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Òkè ibẹ̀ ga, kò ní igi lórí, òdòdó pupa rúsúrúsú ló bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A rí àgbọ̀nrín tó tó agbo kan. Wọn kò sá. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń wò wá bí àwọn àgbà ṣe ń wo ọmọ tó ń pariwo níbi tí kò yẹ. Ẹrẹ̀ pọ̀ jù. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn wọn nìkan ló ń rí.

N kò ṣubú. N ó kọ èyí tó gùn láìpẹ́.

Ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá


Erúnmu,
2 Oṣù Kẹjọ, 1992

Ọmọ́ṣọlá,

Èmi bàbá rẹ gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ láyọ̀. N kò ní fi ìkíni gùn ún.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mò ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́wọ́ níwájú ìjọ nígbà tí mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin òyìnbó kan láti ẹgbẹ́ aláàánú kan wọlé pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ ló ń túmọ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ìyá kan tó ń ṣagbe lọ́jà nítorí ebi ń pa àwọn ìbejì rẹ̀, pé ará Erúnmu ni, pé àwọn gbé wàrà àti ẹ̀wù wá fún un. Kí a lè mọ ẹni náà, obìnrin yìí yí ẹ̀yìn sí gbogbo ìjọ. Àwòrán wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀.

Ìyàwó mi ni mo rí. Igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ, ó ní, "Èmi nìyí." Ó sì jókòó.

Awakọ̀ sọ fún mi pé ìlú tí o wà ni wọ́n ti rán ẹ̀wù náà wá. N kò mọ̀ pé mo bí ẹni tó lè pa ojú ìyá rẹ̀ láró sára aṣọ fún àlejò. Ìyá rẹ mọ̀, ìwọ mọ̀, ìyá wa ní Ìjàyè mọ̀, òyìnbó náà mọ̀. Èmi Hezekiah nìkan ló wà nínú ilé tí mo kọ́ bí ẹni tó wá kí wọn.

Owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ yóò máa dé. Má kọ̀wé sí mi títí n ó fi kọ̀wé sí ọ.

Bàbá rẹ.


Scotland.
30 Oṣù Kẹjọ, 1992

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, n kò sì dìde. Lẹ́tà Bàbá dé ní àná.

Ẹ bi mí nínú oṣù karùn-ún pé ṣé mo ti yọ ọ́, n kò dáhùn. Nígbà tí lẹ́tà yín fi dé, ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, Moira ní kí n yá òun ní fọ́tò náà, òun fẹ́ fi han ìyá òun. Mo yá a. Ó dá a padà, n kò sì ronú sí i mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìn, a dúró lẹ́bàá géètì igbó. Moira wá látẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ bò mí lójú bí ọmọdé tó ń ṣeré. Nígbà tó ṣí i, wọ́n ti tú páálí, gbogbo wọn ti wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n sì yí ẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin àti igbá àti Kẹ́hìndé láyà yín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ yín pé ẹ ń ṣagbe kí àwọn ọmọ lè jẹun. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ń retí ohun tí n ó ṣe. Ó dá wọn lójú pé inú mi á dùn. Màmá, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún mi ní tèmi, mo wọ̀ ọ́.

Mo gùn lẹ́yìn gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí yín lára mi. Ṣùgbọ́n èmi ń rí yín lára wọn. Táyà wọn ń ta ẹrẹ̀ sẹ́yìn, ojú yín ló ń bà. Kí a tó rí àwọn àgbọ̀nrín yẹn, ẹrẹ̀ ti bo Kẹ́hìndé. Mò ń gun òkè, mò ń tẹ̀ lé yín, n kò lè bá yín, n kò sì lè dúró.

Nígbà tí ẹ ní ẹnikẹ́ni, ẹni tó mọ̀ wá ni mo rò. Mo rò pé ẹni tí kò mọ Erúnmu kò lè fi Erúnmu ṣe nǹkan kan. N kò rántí pé ẹ ti kọ orúkọ ìlú sẹ́yìn rẹ̀. Moira ti yí i padà wò.

Lánàá mo lọ bá a. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi máa kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ti ba ilé wa jẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ó ń tọrọ." Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹ bú mi, Màmá. Ẹ ṣáà kọ̀wé.

Ọmọ́ṣọlá


Scotland.
11 Oṣù Kẹwàá, 1992

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òjò yín á ti máa dáwọ́ dúró. N kò tíì rí lẹ́tà. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí kí olùtọ́jú ilé tó pín ìwé, ó ti mọ̀ mí, ó máa ń mi orí sí mi láti òkèèrè.

Mò ń gba àwọn ẹ̀wù náà padà. Ẹ mọ̀ mí, Màmá, èmi tí n kì í lè bi ọlọ́jà ní iye ọjà. Mo kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé, mo sì wá rí ọ̀rọ̀ náà báyìí tí ó ti pẹ́ jù: mo ní nílùú wa, ẹni tó bí ìbejì ló ní ìbùkún láti pín, igbá tí ó nà, ìbùkún ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan bọ́ ọ fún mi wọ́n sì ní kí n má bínú. Ọmọkùnrin kan ní òun ti fi tòun nu ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́, ó fún mi ní èyí tó kù, ó dúdú fún girisi, ṣùgbọ́n mo rí ojú yín kan. Òmíràn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀bùn kì í padà. Moira kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí mo kàn án. Lọ́jọ́ kejì mo bá tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Kò kọ nǹkan kan sí i. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn báyìí, bàtà rẹ̀ ni mo ń rí.

Fọ́tò wà nínú Bíbélì mi. N kò wò ó mọ́.

Ọmọ́ṣọlá


Erúnmu,
22 Oṣù Kọkànlá, 1992

Ọmọ́ṣọlá,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Kì í ṣe pé n kò rí ìwé kọ. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe máa ń rí kí ènìyàn béèrè, kí wọ́n má dá a lóhùn.

Wọ́n ti gba ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn tó wà lábẹ́ ìbáwí. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ìbejì sì ń sùn dáadáa. Pálọ̀ ni bàbá rẹ ń sùn. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi, ṣùgbọ́n Táíwò ni wọ́n ń sọ fún pé ó dùn.

Òyìnbó náà pín ẹ̀wù fún gbogbo ẹni tó nawọ́ kó tó lọ. Josiah tó ní oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé wa gba ọ̀kan, ojoojúmọ́ ló ń gbé mi lọ sóko, tó ń fi mí kọbè. Mo rán ṣòkòtò tuntun fún un kí ó tó bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹni tó rán ẹ̀wù wọ̀nyẹn kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́, etí rẹ̀ kò gún. Tèmi tí wọ́n fún mi, mo tú u, mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi rán pátá fún àwọn àbúrò rẹ. Ìyá mi ní ṣé ojú ara mi ni wọn yóò máa tọ̀ sí? Mo ní ọjọ́ tí mo ti bí wọn ni wọ́n ti ń tọ̀ sí mi lára.

Mo ka ohun tí o kọ nípa Moira. N kò bá a jà. Ẹni tí kò mọ̀ mí kò lè dà mí. Ibi tí o ti ní o rẹ́rìn-ín ni mo dúró sí, n kò lè kà á kọjá fún ọjọ́ púpọ̀. Ìwọ ni mo sọ fún. Nínú gbogbo ayé, ìwọ ni mo mú.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá mo pọn Táíwò, mo gbé Kẹ́hìndé sáyà, mo gbá igbá mú. N kò lọ sí Ṣáṣá. Ọjà Erúnmu níbí ni mo lọ, lójú gbogbo wọn. Àwọn kan yí ojú. Àwọn kan sọ kọ́bọ̀, mo súre fún wọn. Àwọn ìyá ìjọ méjì gba ẹ̀yìn ìsọ̀ wá, wọ́n yára sọ tiwọn sí i, wọ́n sì sá lọ. Bàbá rẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ káfíńtà, wọ́n di kẹ̀kẹ́ wọn mú. Wọn kò fi nǹkan kan sínú igbá. Wọn kò sì lọ. Nígbà tí mo jó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní, "Ṣé Táíwò kò ti wúwo jù fún ọ?" Mo ní kò wúwo. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ. Láti ọjọ́ tí òyìnbó ti yí ẹ̀yìn sí wa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn.

Ayàwòrán kan yọ kámẹ́rà rẹ̀ síta. Mo dá ijó dúró, mo ní kó gbé e padà sínú àpò.

Àwọn ẹ̀wù tí o gbà, má dáná sun wọ́n, ẹ̀dá alààyè wà lára wọn. Kó wọn wálé fún mi. Mo ti dárí jì ọ́, Àmọ̀kẹ́, nítorí nínú àwọn tí mo bí, kò sí èyí tí n ó fi rọ́pò rẹ. Ṣùgbọ́n ojú mi tí o jẹ́ kó jáde kò tíì dé ilé tán.

Táíwò ti ń rìn. Kẹ́hìndé ń di aṣọ rẹ̀ mú tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ rí wọn bí wọ́n ṣe wà báyìí. N kò ní fi fọ́tò ránṣẹ́ mọ́. Ojú ara rẹ ni kí o fi wá wò wọ́n.

Ìyá rẹ.